Ẹni Tí Wọn Ò Sọ Fún

Ọmọ ọdún méje ni Mọ́rìlíátù nígbà tí ìyá rẹ̀ fà á lé àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ó mú un lọ sí Parakou. Bàbá wọn ti kú, ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀, apá ìyá kan ṣoṣo ò sì ká wọn. Màríámọ̀ ni ìyá yìí ń jẹ́. Kò sunkún lójú ọmọ náà. Ó di ẹ̀kọ àti àkàrà fún un, ó tún gèlè orí rẹ̀ wé, ó ní, "Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, n ó ránṣẹ́ sí ọ. Ohunkóhun tó bá ṣe ọ́, ránṣẹ́ sí mi." Láti ọjọ́ náà, ìyá àti ọmọ ò gbé pọ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn ni wọ́n fi ń ṣe ìyá àti ọmọ.

Aṣọ ni bàbá kékeré rẹ̀ ń tà ní Parakou, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Ìwé àwọn aṣọ́bodè Faransé ti yọ ọkùnrin náà lẹ́nu tó, ó sì fẹ́ ẹni tirẹ̀ tí yóò máa bá a kà á. Ó fi Mọ́rìlíátù sí ilé ìwé àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ títí, ó ní ọmọ òun yóò máa kírun bó bá délé. Bó ṣe di pé Mọ́rìlíátù gba sẹ́tífíkà nìyẹn, nígbà tí ó ṣòro láti rí ọmọbìnrin Yorùbá mìíràn lágbègbè náà tó ní in.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí wọ́n fi í fún Gàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá ní Niamey, olú ìlú Niger. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Gàfárù. Kì í pariwo, kì í nàyàwó, ohun tó bá sì wọnú rẹ̀, kò tún jáde mọ́. Àwọn ènìyàn ń yìn ín fún èyí. Wọ́n ní ikùn rẹ̀ jìn. Ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni wọ́n ń gbé, nínú agbo ilé kan náà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, Jàfárù, àti Bàlíkísù ìyàwó Jàfárù. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni Mọ́rìlíátù ń pe Jàfárù. Òun ló mọ Yorùbá kọ dáadáa, òun ló ń kọ lẹ́tà gbogbo ilé, òun náà ló sì ń gba èyí tó bá wọlé lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ lọ́rì.

Oyún méjì ló bàjẹ́ mọ́ Mọ́rìlíátù lára. Ìkejì wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún un pé bàbá kékeré rẹ̀ ti kú ní Parakou. Láti ìgbà náà ni Gàfárù ti gbà pé ìròyìn burúkú ló pa ọmọ òun.

Ọdún kẹta tí Niger gba òmìnira, obìnrin Faransé kan dé sí Niamey, ó ń jẹ́ Madame Brissac. Ó gbẹ bí igi ìdáná, sìgá kì í kúrò létè rẹ̀, ó sì ń fi tọkàntọkàn mu fùrá lójú ọjà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú wọn ló rán an. Ohun tó wá wádìí ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín ẹbí: ta ní ń kọ́kọ́ gbọ́, ta ní ń sọ fún ta, àti ta ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún. Ó ń wá ògbufọ̀. Obìnrin ló fẹ́ fún àwọn obìnrin, ọkùnrin fún àwọn ọkùnrin. Ó mú Mọ́rìlíátù, tó gbọ́ Faransé, Yorùbá, Hausa, tó sì ti ń gbọ́ Zarma, èdè àwọn onílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó mú Sùlù, ọmọ áfáà Ìlọrin kan. Àwọn méjèèjì ni yóò máa wọ ilé onílé pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Mọ́rìlíátù, Zubaidat, ò ju oṣù kan ààbọ̀ lọ nígbà náà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń wà tí iṣẹ́ fi ń lọ.

Ìbéèrè madame ò pọ̀. Ìròyìn pàtàkì wo ló wọ ilé yín gbẹ̀yìn? Ọ̀nà wo ló gbà wá? Ta ló kọ́kọ́ gbọ́? Ta ni wọ́n sọ fún? Ta ni wọn ò sọ fún, kí sì ni ìdí? Orí káàdì ni wọ́n ń kọ ìdáhùn sí, káàdì kan fún ẹnì kan. Wọn kì í kọ orúkọ. Baálé ni A, ẹni tó tẹ̀ lé e ni B, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kan tún wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí nínú ilé ara rẹ̀.

Mọ́rìlíátù fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọjọ́ kan wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò sí Lamordé, wọ́n bá bàbá arúgbó Zarma kan tó ní kò sí ọ̀rọ̀ tí òun kì í kọ́kọ́ gbọ́ nínú ilé òun. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹní tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Àṣé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbéyàwó ní Kumasi láti ọdún méjì, gbogbo ilé ló mọ̀, àfi òun. Mọ́rìlíátù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sọdá padà. Nígbà tó gbé oúnjẹ fún Gàfárù, ó ròyìn rẹ̀ fún un.

"Ẹ wò ó, Bàbá Zubaidat, ọdún méjì gbáko! Bàbá náà ń jókòó lórí ìtẹ́ bí ọba, wọ́n sì ti fi í ṣe ọ̀dẹ̀."

Gàfárù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bu omi fọwọ́, ó ní òun ń lọ kírun.

Nígbà tó kan agbo ilé wọn, Sùlù ni madame rán lọ. Mọ́rìlíátù ò tilẹ̀ fiyè sí i. Ilé àwọn ẹlòmíràn ló dun ún gbọ́.

Ní oṣù kẹfà, kí òjò tó ṣubú, ibà dá Sùlù dùbúlẹ̀. Òun ló máa ń da àwọn káàdì àwọn ọkùnrin kọ sínú ìwé ńlá. Madame kó wọn fún Mọ́rìlíátù, ó ní kí ó bá a parí rẹ̀. Ọ́fíìsì náà gbóná bí ààrò. Mọ́rìlíátù ń kọ, ó ń kọ, títí ó fi kan ilé kẹrìnlá. Èdè Faransé ló wà lórí káàdì náà, ohun tó sì sọ nìyí:

"Yorùbá, oníṣòwò aṣọ. Ẹni tó dáhùn: B, àbúrò baálé. Ìròyìn tó wọlé gbẹ̀yìn: ikú ìyá C, ìyàwó baálé, ní ìlú wọn, oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Ọ̀nà tó gbà wá: lẹ́tà, lọ́wọ́ awakọ̀. Ta ló kọ́kọ́ gbọ́: A àti B. Ta ni wọ́n sọ fún: D, ìyàwó B, àti àwọn àgbà ìlú wọn ní mọ́ṣáláṣí. Ta ni wọn ò sọ fún: C. Ìdí: ó lóyún. Ṣé wọn yóò sọ fún un: kò dáhùn."

Àánú obìnrin náà kọ́kọ́ ṣe Mọ́rìlíátù. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, áà, ó mà ṣe fún obìnrin yìí o. Ó ti da ìlà mẹ́ta kọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Oníṣòwò aṣọ. Baálé tó ní àbúrò nínú ilé. Ìyàwó tó lóyún ní oṣù kọkànlá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ilé Yorùbá tó wà ní Zongo lọ́kàn, ó sì mọ̀ kó tó kà wọ́n tán.

Ó da káàdì náà kọ parí, yíǹkì ò ta sí i, ó sì da mẹ́sàn-án tó kù kọ. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó fọmú sẹ́nu ọmọ. Oṣù méje. Láti oṣù kọkànlá ni ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ló ra kúbùsù tó nípọn, tó fi lé Akọ̀wé lọ́wọ́ kí òtútù má baà mú ìyá òun. Ó fi dàbínù ránṣẹ́, ó fi kílíṣí ránṣẹ́. Nígbà tó bí Zubaidat, ó ní kí wọ́n bi ìyá òun léèrè oríkì tí yóò sọ ọmọ. Akọ̀wé mú èsì wá, ó ní, "Ìyá ní Àṣàbí ni kí ẹ máa pè é." Ojoojúmọ́ ló ń pe ọmọ náà ní Àṣàbí, tí inú rẹ̀ ń dùn pé ẹnu ìyá òun ló ti jáde.

Nígbà tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Gàfárù ń ká aṣọ.

"Bàbá Zubaidat, ẹ gbúròó àwọn ará ilé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí ọ." Kò gbójú sókè. Ó ká aṣọ náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó sì fọwọ́ tẹ́ ẹ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Mọ́rìlíátù fi dúró. Ó ń dáná, ó ń lọ sí ibi iṣẹ́, ó ń fún wọn láyè. Bí Bàlíkísù bá ń bá a di irun, Mọ́rìlíátù á ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ wo ló wà nílẹ̀?" Bàlíkísù á ní kò sí. Ọjọ́ mẹ́fà náà ló wá yé e pé kì í ṣe pé wọ́n ń wá ẹnu tí wọn yóò fi sọ ọ́. Ó ti bọ́ kúrò lọ́rùn wọn. Wọ́n ti gbàgbé pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé, Gàfárù àti Jàfárù jókòó ti oúnjẹ, Bàlíkísù ń bu omi. Mọ́rìlíátù jáde láti inú yàrá. Ó ti da káàdì náà kọ sórí ìwé pélébé kan. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró nínú ilé onílé, lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ kan lẹ́yìn, ó sì kà á lédè Faransé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wọn. Jàfárù tilẹ̀ rò pé ó ń ṣeré.

Ó wá ní, "Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n kọ ikú ìyá C sí, kò pe C mọ́. Ó ní, "Ikú Màríámọ̀, ìyá Mọ́rìlíátù."

Igbá omi bọ́ lọ́wọ́ Bàlíkísù. Jàfárù dìde, ó tún jókòó.

Gàfárù ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Oyún yẹn ni. Mo ti sin méjì. Mi ò lè sin ẹ̀kẹta."

"Zubaidat ti pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn mi."

"Mo ní bí o bá gbádùn tán. Mo ní bí ooru bá rọlẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wúwo jù fún ẹnu mi."

"Ẹnu yín ló wúwo, ìyá tèmi ló kú." Ó yíjú sí Jàfárù. "Akọ̀wé, Àṣàbí yìí, ta ló sọ ọ́?"

Jàfárù doríkodò. "Èmi ni. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá wí. Orúkọ ìyá tèmi ni."

Èyí ló mú Mọ́rìlíátù sunkún. Kò tíì sunkún láti ìgbà tó ti ka káàdì náà, àfi ìgbà tó gbọ́ pé oríkì tó ń fi pe ọmọ rẹ̀, ti ìyá ọkọ ni.

Ọjọ́ kẹta, ó wọ lọ́rì lọ sílé. Gàfárù ní òun yóò sìn ín, Mọ́rìlíátù ní kò pọn dandan. Wọ́n kọjá Dosso àti Gaya, wọ́n sọdá odò dé Parakou, wọ́n gba ọ̀nà Ṣakí wọlé. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò. Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Kúbúrátù, ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Kúbúrátù wò ó láti òkè délẹ̀, kò gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo gbọ́."

Kúbúrátù wọ yàrá lọ, ó mú lẹ́tà kan jáde. Ọwọ́ Jàfárù ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Mọ́rìlíátù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Mo ti gbọ́ nípa ìyá wa. Mo sunkún gidigidi. Oyún tó wà nínú mi ò jẹ́ kí n lè wá. Ẹ má dúró dè mí. Ohun tó bá kàn mí nínú ẹrù wọn, ẹ fún àwọn ọmọ."

"Lẹ́tà mẹ́ta la kọ sí ọ," Kúbúrátù wí. "Méjì nígbà tó wà lórí àìsàn. Ó ṣe oṣù kan ààbọ̀ kó tó kú. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, á ní, 'Ṣé Mọ́rìlíátù ni?' Ó wá sú wa láti máa dá a lóhùn."

Mọ́rìlíátù tún lẹ́tà náà kà. Ikú nìkan ni káàdì sọ fún un. Kò sọ ti àìsàn. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ Niamey. Ì bá ti débẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ó ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó sọ ti káàdì, ó sọ ti Sùlù, ó sọ ti Akọ̀wé. Kúbúrátù gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá mi orí.

"Ìwọ tí wọ́n tìtorí rẹ bá bàbá kékeré wa jà torí pé ó fi ọ́ síléèwé. Ìwọ tó ń kàwé fún òyìnbó. Lẹ́tà wọ ilé ọkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò rí ẹyọ kan. Kí ni kí n sọ fún àwọn ará àdúgbò? Kí n ní ọ̀mọ̀wé ò mọ̀?"

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ìyá wọn sí. Àgbàdo ti hù yí i ká, ọmọ Kúbúrátù kan ló fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí orí wà fún un. Mọ́rìlíátù kéwú tó mọ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí Zubaidat fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Yàrá ìyá rẹ̀ ti di ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Kò rí ibi tí yóò dúró sí ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ó padà sí Niamey nítorí kò sí ibòmíràn tó lè padà sí.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, Sùlù kò lè wò ó lójú. Ó ní, "Ẹ máa bínú. Mo búra fún madame pé ohun tí mo bá gbọ́, mi ò ní sọ ọ́." Mọ́rìlíátù ní kò burú, àṣírí ilé onílé ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé àwọn ilé mìíràn wà ní Zongo àti ní Lamordé tí òun náà ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, tí òun rẹ́rìn-ín sí, tí òun sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti madame ló korò jù. Nígbà tó gbọ́, ojú rẹ̀ tàn. Ó gbá Mọ́rìlíátù lọ́wọ́ mú, ó ní òun kẹ́dùn, ó kẹ́dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi fa káàdì tuntun yọ. Ó ní kò sí ilé mìíràn nínú gbogbo ìwádìí náà tí ẹni tí wọn ò sọ fún ti wá mọ̀. Ó ní kí ó jókòó, kí ó sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Mọ́rìlíátù ní, "Ẹ kọ ọ́ pé C kò dáhùn."

Kò padà wá lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Sùlù bá a ní ilé pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé. Madame ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé kẹrìnlá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán: òbìrìkìtì mẹ́rin, ọfà tó ń ti ọ̀kan lọ sí èkejì, àti òbìrìkìtì kan tí ọfà kankan ò kàn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, madame kọ ọ́ pé láàárín irú àwọn ẹbí yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ọ̀nà láti ṣìkẹ́ ẹni, ó sì ń pa àlàáfíà ilé mọ́. Mọ́rìlíátù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a padà fún Sùlù, ó ní kò sí àyè nínú àpótí òun.

Àlàáfíà tí madame wí, irú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mọ́rìlíátù ń dáná fún ọkọ rẹ̀, ó ń kí i láàárọ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Kò pe ọmọ rẹ̀ ní Àṣàbí mọ́. Ó ń kọ lẹ́tà ara rẹ̀ sí Kúbúrátù, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni Kúbúrátù fèsì.

Ní ọdún 1966, láàárín ọ̀sán, awakọ̀ lọ́rì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìyá Gàfárù ti kú. Jàfárù fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sunkún díẹ̀, nítorí ìyá tirẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Ẹ jẹ́ ká dúró di ìrọ̀lẹ́. Ká kọ́kọ́ pe àwọn àgbà. Ọjà ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ara rẹ̀ ò yá láti àná."

Mọ́rìlíátù ti ń wé gèlè. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ọjà ńlá. Gàfárù ń wọn aṣọ fún obìnrin Zarma kan, ọ̀pá ìwọnṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́rìlíátù ò jókòó.

"Bàbá Zubaidat, ìyá yín kú. Ọjọ́ kẹfà rèé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni, ẹsẹ̀ tí mo fi gbọ́ ọ ni mo fi wá."

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Gàfárù. Ó dì mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin Zarma náà ń bi wọ́n pé kí ló dé. Gàfárù ní, "Ṣé báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ènìyàn?"

"Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́."

Mọ́rìlíátù bá a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó di ẹrù fún un, ó wá lọ́rì tí yóò lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì dúró títí ó fi gbéra. Gbogbo Zongo ló gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní ọkàn obìnrin náà ti le bí òkúta, wọ́n ní ìwé àwọn Sísítà ló bà á jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti rò pé inú òun yóò fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò fúyẹ́.

Nígbà tó wọlé, Zubaidat, tó ti pé ọdún mẹ́ta, bi í léèrè ibi tí bàbá rẹ̀ lọ.

"Ìyá bàbá rẹ kú. Ó lọ síbi tí wọ́n sin ín sí."

Ọmọ náà bú sẹ́kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ìyá náà rí. Bàlíkísù sáré wá láti ìdí ààrò, ó gbé e mọ́ra. "Ìyá Zubaidat, kí ló ṣe yín? A kì í sọ irú rẹ̀ fún ọmọdé!"

Mọ́rìlíátù gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàlíkísù, ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó sì jẹ́ kó sunkún tó bó ṣe fẹ́.